Ẹ̀fọ́ Ni àbí Ẹ̀kọ́? Ọjọ́ Kan Lẹ́yìn Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Íápíìsì Sétí

Agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ kò tíì lù tí mo ti wà lórí ìlà ọkọ̀ BRT ní Òṣòdì, èyí tó ń lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níwájú mi, ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́pá ló wà lẹ́yìn. Nǹkan wà létí àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọkọ̀ dé tí a jókòó tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo rí dáadáa láti ìjókòó mi jẹ́ mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló ti nǹkan bọ etí. Àwọn kan lo èyí tó ní wáyà, àwọn kan lo èyí tó kéré bí èkùrọ́ tí kò ní okùn kankan. Íápíìsì ni gbogbo wa ń pè é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló lé mi jáde nílé lọ́jọ́ náà. Mo máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lóhùn. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lórí íápíìsì rẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ̀yin àgbà ò kàn fẹ́ràn orin wa ni." Mi ò fẹ́ máa bá a fa ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe yá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ariwo lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ààbò nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí mo sì jáde lọ fojú ara mi rí i.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo, bí a ṣe ń fi kílò wọn ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú kílò wò ó yóò ṣìnà. Bí ariwo bá fi 3 péré lé sí i, agbára tó ń wọnú etí ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Bó bá fi 10 lé sí i, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Nínú ọkọ̀, bí a ti ń sáré lọ, ẹ̀rọ ọwọ́ mi ń lọ sókè sódò láàárín 76 sí 83. Ọmọkùnrin oníbáàgì náà jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ké sí i, àtàǹpàkò náà á lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sókè, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á tún un tẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, mo gbọ́ orin rẹ̀ láti ìjókòó tèmi, mo gbọ́ ìlù, mo gbọ́ ohùn obìnrin tó ń gbe orin. Mo retí pé yóò dín in kù. Kò dín in kù. Ọkọ̀ tún ṣí, ariwo tún ga, àtàǹpàkò tún lọ sókè. Mo wo àwọn tó kù: bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń fi kún un láti fi bo ariwo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í rántí yọ ọ́ kúrò nígbà tí ariwo bá lọ. Bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Mo sọ̀ ní Ìkẹjà Along, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di Computer Village. Kò tíì pé agogo mẹ́jọ ààbọ̀, síbẹ̀ òpópónà Òtígbà ti kún. Ṣọ́ọ̀bù kan gbé sípíkà sẹ́nu ọ̀nà, èyí tó kọjú sí i gbé tirẹ̀ síta láti fi borí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń hó láàárín wọn. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi ka 88 níwájú ọ̀kan nínú wọn, mi ò sì tíì sún mọ́ ọn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

"Mọ́mì, ẹ máa bọ̀ níbí. Kí lẹ fẹ́ rà? Ṣájà, páwà báńkì, íápíìsì?"

Ọmọkùnrin kan ni, ọmọ ọdún méjìlélógún gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi nígbà tó yá. Tábìlì onígi ló pàtẹ ọjà rẹ̀ lé, agbòjò ńlá sì ṣíji bò ó. Íápíìsì wà létí rẹ̀ ọ̀tún. Mo ní ọmọ mi ni mo fẹ́ rà á fún. Ó yọ mẹ́ta síwájú mi.

"Èyí dáa. Èyí dáa jù ú lọ. Èyí ni bàbá wọn, mà."

Ó so "bàbá wọn" mọ́ fóònù rẹ̀, ó gbé ohùn dé góńgó, ó wá nà án sí mi, apá rẹ̀ gùn gbọnrangandan láàárín èmi àti òun. Láàárín ariwo sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ yẹn, mo gbọ́ orin náà ketekete.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ ò tíì fi sétí o! Ojúlówó nìyẹn, mà."

Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dán íápíìsì wò lọ́jà wa nìyẹn: èyí tí a bá gbọ́ láti òkèèrè ni ó dára. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ etí fi ń kìlọ̀ gan-an nìyẹn: bí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá ń gbọ́ orin rẹ, ó ti pọ̀ jù fún ìwọ tó fi í sétí. Ohun kan náà la fi ń mọ ojúlówó tí a sì fi ń mọ ewu. Mo bi í bóyá oníbàárà kan ti bèèrè èyí tí ohùn rẹ̀ ní òpin rí.

"Háà, mà, ta ni yóò fi owó ra èyí tí ohùn ẹ̀ ò ní jáde?"

Mo bi í nípa èyí tó wà létí tirẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun bá ti pàtẹ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú ló máa ń wà níbẹ̀, àfi bí oníbàárà bá dé. "Ariwo ibí pọ̀, mà. Bí mi ò bá fi orin bò ó, orí á máa fọ́ mi." Ó ní bí òun bá dé ilé lálẹ́, etí òun máa ń dún, bí ìgbà tí kòkòrò kan há sínú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí mo bá jí, á ti lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Mo ti bá onímọ̀ ìgbọ́ràn kan ṣàdéhùn fún ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo bẹ ọmọ náà pé kó bá mi lọ, pé èmi ni màá san owó àyẹ̀wò. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Ẹ mú un lọ, mà. Èmi gan-an ti sọ fún un pé kì í gbọ́ràn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Ilé ìwòsàn tí a lọ lọ́sàn-án dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró bàtà ara mi. Onímọ̀ ìgbọ́ràn tó gbà wá, tí gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Dókítà, kọ́kọ́ tan iná sí etí ọmọ náà. Kò sí ìdọ̀tí tó dí i, ìlù etí rẹ̀ sì mọ́ rekete. Ó wá gbé àwòrán etí oníke kan sórí tábìlì, ó ṣí i bí ẹni ń pa obì.

"Ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ lẹ ń rí níta yìí. Ó wà nínú lọ́hùn-ún." Ó nawọ́ sí ohun kan tó ká bí ìkarahun ìgbín. "Nínú ìkarahun yìí ni irun tín-tìn-tín wà, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ru irun náà tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí a bí ọmọ. Àwọn ló ń sọ ìró di iṣẹ́ tí ọpọlọ lè kà. Iye tí a bá gbé wáyé náà ni. Èyí tó bá kú, kò sí òmíràn."

Mo ní ṣé kò lè hù padà ni, bí irun orí. Ó mi orí. Ó ní adìẹ tí à ń pa jẹ ń rí tirẹ̀ gbà padà. Láti 1988 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé bí ariwo bá pa sẹ́ẹ̀lì etí ẹyẹ, òmíràn máa ń yọ. Ti ènìyàn kì í yọ.

Ìgbálẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Bí ìgbálẹ̀ bá ń dá lẹ́yọ lẹ́yọ, ìyàwó ilé kì í mọ̀. Ó ń gbálẹ̀ lọ, ilẹ̀ ń mọ́. Ọjọ́ tó bá ṣàkíyèsí pé eruku ń ṣẹ́kù sílẹ̀, ìdajì ìgbálẹ̀ ti lọ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò kí ọkàn ọmọ náà lè balẹ̀. Yàrá kékeré ni, ògiri rẹ̀ nípọn bí ti ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn sórí rédíò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ mímí ara mi. Wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí mi lọ́wọ́: bí mo bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó, kí n tẹ̀ ẹ́. Ìró kìíní nípọn, ó dà bí ẹni ń kùn nínú ìkòkò. Wọ́n ń dín in kù títí ó fi parẹ́. Ìró tó tẹ̀ lé e tínrín, bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ó kan ọmọ náà. Láti ojú fèrèsé gíláàsì ni mo ti ń wò ó. Ó ń tẹ bọ́tìnnì kíákíá nígbà tí ìró ṣì nípọn. Nígbà tí ó di ti àwọn tó tínrín, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mira. Iná tó ń tàn nígbà tí ìró bá ń jáde tàn lẹ́ẹ̀kan, ó tàn lẹ́ẹ̀kejì, ó tàn lẹ́ẹ̀kẹta. Kò gbọ́.

Dókítà fi ìwé méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nọ́ńbà wà lókè: 250, 500, 1000, 2000, 4000, 8000, láti ìró tó nípọn jù dé èyí tó tínrín jù. Ìlà tèmi lọ tààrà, ó wá tẹ̀ díẹ̀ ní ìparí nítorí ọjọ́ orí. Ti ọmọ náà lọ tààrà títí dé 2000. Ní 4000, ó ṣàdédé já sí kòtò, ó dé 35 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì níbi tí kò yẹ kó ju 20 lọ. Ní 8000, ó tún gòkè díẹ̀.

"Kòtò yìí ni àmì ọwọ́ ariwo," ni Dókítà wí. "Àgbà kì í fi kòtò sílẹ̀ báyìí; tirẹ̀ máa ń rọra dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ ni. Ibi 4000 yìí ni ariwo sábà máa ń kọ́kọ́ kọlù."

Ọmọ náà ní, "Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ yín dáadáa, sà."

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó ní kó máa tún ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ sọ. Ó wò ó lójú, ó ní, "Ẹ̀fọ́." Ọmọ náà ní, "Ẹ̀fọ́." "Ẹ̀tọ́." "Ẹ̀tọ́." Kò ṣi ọ̀kan. Dókítà wá tan ariwo ọjà díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ kan, ó fi ìwé bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀tọ́."

"Ẹ̀ṣọ́."

"Ẹ̀... ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀tọ́."

"Ẹ̀kọ́."

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ Dókítà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé ohùn ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí rárá. Ìsàlẹ̀ sókè, ìsàlẹ̀ sókè, ó gbà á pé pérépéré. Fáwẹ̀lì náà kò yẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì àárín nìkan ló ń sá fún un. Dókítà ṣàlàyé pé ohùn àti fáwẹ̀lì Yorùbá wà nísàlẹ̀, níbi tí etí rẹ̀ ṣì yè. Àwọn ìró bíi f, s, ṣ, t àti k ní tiwọn, òkè lọ́hùn-ún ni agbára wọn wà, wọ́n sì fẹ́lẹ́.

Àṣé bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń di létí irú ọmọ báyìí. Ìlù máa ń gbé ohùn jáde láìgbé kọ́ńsónáǹtì, ẹni tó bá mọ oríkì ni yóò fi ọgbọ́n orí parí rẹ̀. Ọmọ tí a bí sínú Yorùbá, tí kò ju ọdún méjìlélógún lọ, ti ń fi ọgbọ́n orí parí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdí nìyẹn tó fi rò pé òun ń gbọ́. "Ojú wọn ló ń bá wọn gbọ́ èyí tó kù," ni Dókítà wí. "Ètè ni wọ́n ń kà láìmọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe fi ìwé bo ẹnu."

Lẹ́yìn èyí, ó gba fóònù àti íápíìsì ọmọ náà, ó fi wọ́n sínú etí àtọwọ́dá kan tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan báyìí, ó ní kó gbé ohùn dé ibi tó máa ń gbé e dé lọ́jà. Ẹ̀rọ ka 92.

A wá jókòó ṣe ìṣirò. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ITU, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, fẹnu kò sí fún àgbàlagbà ni 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ti ọmọdé jẹ́ 75 fún wákàtí 40 kan náà. Bí ẹ bá ti fi 3 kún ariwo, kí ẹ dá wákàtí sí méjì: 83, wákàtí 20; 86, wákàtí 10; 89, wákàtí 5; 92, wákàtí méjì àbọ̀. Ọmọ náà ṣírò tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá yọ àkókò oníbàárà kúrò, ó ku nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n wákàtí. Ohun tó tọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ti ń ná an tán kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó kan àtàrí. Ìlọ́po méjìlá ni ó ń ná. Ó wo bébà náà, kò sọ̀rọ̀.

Mo ní kí Dókítà sọ òótọ́ fún mi: ṣé íápíìsì nìkan ló gbẹ́ kòtò yẹn? Ó ní rárá, òun kò lè búra. Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sípíkà dojú kọ ọ́. Etí kì í bèèrè ibi tí ariwo ti wá. Gbogbo rẹ̀ ló ń kà pọ̀. Ó sì sọ fún mi pé ìwádìí kò fi ọ̀nà kan lọ. Ní 2010, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 12 sí 19 níbẹ̀, àwọn tí ìgbọ́ràn wọn ti dín kù díẹ̀ ti pọ̀ sí i láti 14.9 nínú ọgọ́rùn-ún dé 19.5. Gbogbo ayé ké. Ní 2017, àwọn mìíràn tún àkọsílẹ̀ yẹwò pẹ̀lú ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé iye náà ti tún wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní gbogbo ọmọ tó ń lo íápíìsì ni yóò di adití, àsọdùn ló ń sọ.

"Ṣùgbọ́n," ni Dókítà wí, "àìtíì hàn lórí ìwé kọ́ ni àìsí." Ó mẹ́nu ba iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ méjì, Kujawa àti Liberman, ṣe lórí eku ní Amẹ́ríkà ní 2009. Wọ́n fi ariwo kọlù eku fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé ìgbọ́ràn wọn ti padà bọ̀ sípò. Nígbà tí wọ́n wá wo inú etí náà, ọ̀pọ̀ nínú oríkèé tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ iṣan ìgbọ́ràn ti já, wọn kò sì padà. Mo yíjú sí ọmọ náà. Òun náà ti yíjú sí mi. *Tí mo bá jí, á ti lọ.*

Iye ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Ní 2022, àwọn olùṣèwádìí kó iṣẹ́ 33 jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, wọ́n rí i pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 12 sí 34, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń gbọ́ orin lórí fóònù àti irú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn tó wà nínú ewu, bí a bá fi ibi ijó àti fàájì kún un, tó mílíọ̀nù 670 sí bílíọ̀nù 1.35 lágbàáyé. Ewu ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní àrùn. Ewu sì ni ohun tí èèyàn ṣì lè yà fún.

Ìdáhùn tí mo mú lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Orin kò jẹ̀bi, íápíìsì gan-an kò jẹ̀bi. Bí ohùn ṣe ga tó àti bó ṣe pẹ́ tó létí, àwọn méjì yìí ló ń pani lára.

Kí a tó dìde, Dókítà gbé fóònù ọmọ náà síwájú rẹ̀. Ó fi hàn án níbi tí wọ́n ti ń fi òpin sí ohùn, ó fi í sí ìwọ̀n 60 nínú 100. Ó ní kó máa yọ ọ́ kúrò létí lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ kí etí sinmi. Bó bá fẹ́ borí ariwo ọjà, kó ra irú èyí tó dí etí dáadáa tí kò jẹ́ kí ariwo ìta wọlé, torí ẹni tí ariwo ìta kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní wá ìdí tí yóò fi gbé tirẹ̀ ga. Kó má ṣe gbé e sùn. Bí etí bá ti ń dún, ó ti sọ tẹnu rẹ̀ nìyẹn; kó pa orin. Ó wá tẹnu mọ́ ọn fún àwa méjèèjì pé bí etí ẹnikẹ́ni bá dí lójijì láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kó má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, torí oògùn wà fún irú rẹ̀ bí kò bá tíì pẹ́.

Nígbà tí a jáde sí òpópónà, oòrùn ti ń rẹ̀. Ọmọ náà ti íápíìsì bọ etí, ó tẹ fóònù rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó wá yọ ọ̀kan ó nà án sí mi.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ ọ wò. Ṣé ó ti tó báyìí?"

Mo fi sétí. Orin náà dùn, ohùn akọrin mọ́ gaara, mo sì tún ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá. Lábẹ́ orin náà, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń kiri lẹ́yìn wa. Mo dá íápíìsì rẹ̀ padà fún un, mo ní kó yọ èyí tó kù kúrò létí.

"Kí ni ìyá yẹn ń tà?"

Obìnrin náà tún ké e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà dúró. Ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ohun tó wà nínú agbọ̀n orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó dá mi lóhùn.

"Ẹ̀fọ́ ni, mà."